Ojú mẹ́ta fún bẹ́líìtì kan: kámẹ́rà wo ló yẹ kí ilé-iṣẹ́ omi rà láti fi yẹ déètì àti ìdérí wò?

Ìgò ike 12,000 ní wákàtí kan. Ẹ pín in: 200 ni ní ìṣẹ́jú kan, mẹ́ta lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ omi tí kò tóbi jù ní Ọ̀tà tàbí Àgbárá lè máa rọ iye yẹn, kó sì jẹ́ pé ọmọbìnrin méjì ló jókòó síwájú pátákó iná funfun kan, tí wọ́n ń wo ìgò bó ṣe ń kọjá. Wọ́n á rí èyí tí omi rẹ̀ kò kún. Wọ́n á rí èyí tí kò ní ìdérí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa ka déètì tí lẹ́tà rẹ̀ kò ga ju mìlímítà mẹ́ta lọ, lára ohun tó ń sáré, fún wákàtí mẹ́jọ gbáko? A kàn ń tan ara wa ni.

Déètì yẹn gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. NAFDAC ní kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, nọ́ńbà báàṣì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọjà àti ọjọ́ tí kò ní ṣeé lò mọ́ wà lára rẹ̀. Bí ẹnu ẹ̀rọ tó ń tẹ déètì bá dí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré tí ẹnikẹ́ni kò fura, ìgò 2,000 ti wọ inú ọ̀rá, wọ́n ti tò ó jọ. Ẹni tó bá ti tú ìdì omi ní ilé ìkẹ́rùsí rí, tó ń wá ìgò tí kò ní déètì láàárín àwọn tó ní, mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ẹnjiníà, kámẹ́rà wo ni ká rà?” Ó dà bí ẹni tó wọ ọjà Gbági tó ní òun fẹ́ ra aṣọ, tí kò sọ bóyá òkú lòun fẹ́ ṣe àbí ìyàwó. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ omi kan ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè dé ilẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà fò káàkiri. Bí ọṣẹ, bisikíìtì tàbí oògùn lẹ bá ń ṣe, ẹ̀yin náà á rí ibi tó ti kàn yín.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rí sílẹ̀ ná

Kí ẹ tó pe oníṣòwò kankan, ẹ mú bébà. Ẹ kọ àbùkù tí ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ mú, ẹ má sì kọ “ìgò tí kò dára”. Ẹ kọ ọ́ báyìí: ìdérí kò sí, ìdérí wọ́, omi fi mìlímítà márùn-ún dín, lébẹ́ẹ̀lì kò sí tàbí ó ya, déètì kò sí, déètì parẹ́ lápá kan, déètì wà, ṣùgbọ́n ti àná ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sídìí àwọn ìgò tí wọ́n ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ṣa mẹ́ta-mẹ́ta nínú irú àbùkù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó wọn sínú páálí kan, kí ẹ sì kọ orúkọ àbùkù sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára. Ẹ tọ́jú páálí yẹn. Ó wúlò ju gbogbo ìwé ìpolówó tí wọ́n máa kó wá bá yín lọ.

Ẹ wo àbùkù méjì nínú èyí tí a kọ yẹn: “déètì kò sí” àti “déètì ti àná ni”. Létí, wọ́n jọra. Lójú kámẹ́rà, ìyàtọ̀ wọn pọ̀ bí ìyàtọ̀ ẹni tó rí ìwé àti ẹni tó kà á. Fún ti àkọ́kọ́, kí ẹ̀rọ ṣáà ti rí i pé dúdú wà níbi tó yẹ kí dúdú wà. Fún èkejì, ó ní láti mọ 3 yàtọ̀ sí 8, kó sì mọ ọjọ́ tí òní jẹ́. Ibẹ̀ ni iye owó ti ń yàtọ̀.

Ojú mẹ́ta náà

Èyí tó kéré jù ni sẹ́ńsọ̀ aríran. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ; kámẹ́rà, lẹ́ńsì, iná àti ọpọlọ rẹ̀ wà nínú àpótí kan. Ẹ ó fi ìgò tó dára hàn án, ẹ ó fi èyí tí kò dára hàn án, yóò sì máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Keyence, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Japan ní 1974, ń ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IV. SICK ti Jámánì ní Inspector tiwọn. Oníná ilé-iṣẹ́ yín tó gbọ́n lè ṣètò rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan. Ohun tí kò lè ṣe kò farasin: àwòrán ọ̀pọ̀ wọn kéré, iná tí wọ́n bá fi sí i náà lẹ máa lò, ìbéèrè tó bá sì ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ máa ń dà á láàmú.

Èkejì ni kámẹ́rà ọlọ́pọlọ. Òun náà gbé ọpọlọ rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa yan lẹ́ńsì àti iná. Ó lè ka lẹ́tà, ó lè wọn nǹkan, ó lè ka bákóòdù, ó sì lè bá PLC yín (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí àwọn ẹ̀rọ) sọ̀rọ̀ tààrà lórí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Cognex ti Amẹ́ríkà, tí Robert Shillman, olùkọ́ ní MIT, dá sílẹ̀ ní 1981, ni orúkọ tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. In-Sight ni wọ́n ń pe kámẹ́rà ọlọ́pọlọ tiwọn. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé kíka lẹ́tà kì í ṣe iṣẹ́ tuntun: DataMan tí wọ́n gbé jáde ní 1982, lẹ́tà àti nọ́ńbà ló ń kà. Bẹ́ẹ̀, oníṣòwò kan ṣì ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé àná ni wọ́n rí i.

Ẹ̀kẹta ni kámẹ́rà oníkọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kò ní ọpọlọ. Àwòrán nìkan ló ń yà, wáyà á gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà, ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ló máa dájọ́. Basler ti Jámánì wà nínú àwọn tó ń ṣe irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, Hikrobot ti Ṣáínà sì ti wọ ọjà pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Fún ètò, ẹ lè sanwó fún HALCON, tí MVTec ń ṣe ní Munich, ẹ sì lè lo OpenCV, tó bẹ̀rẹ̀ ní Intel ní 1999, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni mo wí, àmọ́ owó oṣù ọmọ tó máa kọ ètò náà kì í ṣe ọ̀fẹ́, bó bá sì rí iṣẹ́ sí Kánádà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wáyà: irú kámẹ́rà tó ń lo ìlànà GigE Vision, tó jáde ní 2006, lè lo wáyà tó gùn tó 100 mítà láti ibi ẹ̀rọ dé yàrá kọ̀ǹpútà. Ti USB3 yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n mítà mélòó kan péré ni wáyà rẹ̀ ń gùn. Nínú ilé-iṣẹ́ tí omi ti ń ta sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà jìnnà sí bẹ́líìtì ló dára, nítorí náà GigE ni èmi máa mú.

Bí mo ṣe máa tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ilé-iṣẹ́ omi wa yìí rèé:

| | Sẹ́ńsọ̀ aríran | Kámẹ́rà ọlọ́pọlọ | Kámẹ́rà oníkọ̀ǹpútà |
|---|---|---|---|
| Ta ló lè ṣètò rẹ̀? | Oníná ilé-iṣẹ́ | Ẹnjiníà tó gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ | Ẹni tó mọ ètò kọ̀ǹpútà í kọ |
| Ìdérí wà àbí kò sí? | Ó tó | Ó tó, owó rẹ̀ ló pọ̀ jù fún un | Bí ẹni gbé kàtàpílà wá gbẹ́ kòtò iṣu |
| Kíka déètì | Ọ̀pọ̀ wọn kò lè ṣe é | Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn | Ó lè ṣe é, bí ètò bá dára |
| Bí kámẹ́rà bá di mẹ́rin | Ẹ ra mẹ́rin | Ẹ ra mẹ́rin, ó dùn wá lápò | Kọ̀ǹpútà kan lè tó gbogbo wọn |
| Bí iná bá lọ lójijì | Ó jí, ó ń bá iṣẹ́ lọ | Ó jí, ó ń bá iṣẹ́ lọ | Ẹ gbàdúrà, tàbí kí ẹ ra UPS |

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn sí i. Nínú ìwé ìpolówó tí wọ́n kọ ní Òkè Òkun, ẹ ò lè rí i, nítorí pé iná kì í lọ mọ́ wọn lórí. Níbí, láàárín ìgbà tí NEPA mú iná lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ gbé e, kọ̀ǹpútà ti kú lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Windows kò ní jí mọ́. Kámẹ́rà ọlọ́pọlọ àti sẹ́ńsọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iná 24 fóltì ni wọ́n ń jẹ, bó bá sì ti dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn. Síbẹ̀, ẹ fún wọn ní páwà wọn lọ́tọ̀. Ẹ má so wọ́n mọ́ páwà tí mọ́tò àti fáàfù atẹ́gùn ń lò, nítorí ìgbàkígbà tí fáàfù bá pa, iná á ta, kámẹ́rà á sì gbọ̀n.

Ìṣirò kékeré tó ń dá owó padà sápò

Oníṣòwò á ní kámẹ́rà kan tó, kí ẹ gbé e jìnnà díẹ̀ kó máa rí ìgò láti ìdérí dé ìdí, kó máa wo ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìgò ga tó 250 mìlímítà. Bí sẹ́ńsọ̀ tó ní píksẹ́lì 640 (àwọn tótòtó tó para pọ̀ di àwòrán) bá ní láti bo gbogbo rẹ̀, mìlímítà kan á gba píksẹ́lì méjì àbọ̀, lẹ́tà tó ga ní mìlímítà mẹ́ta á sì gba bíi mẹ́jọ. Píksẹ́lì mẹ́jọ kò lè fi 3 hàn yàtọ̀ sí 8. Èmi kì í fẹ́ kó dín sí ogún. Ọgbọ̀n ló máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ wá gbé kámẹ́rà tó ní píksẹ́lì 1440 súnmọ́ ibi tí déètì wà nìkan, kó máa bo 60 mìlímítà. Mìlímítà kan á gba píksẹ́lì 24, lẹ́tà yẹn á gba 72. Ó ti ju ohun tí a ń wá lọ. Àní sẹ́ńsọ̀ 640 yẹn gan-an, bó bá súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, á fún lẹ́tà ní 32. Píksẹ́lì tí ẹ fẹ́ sanwó rẹ̀, ibi tí ẹ gbé kámẹ́rà sí ti fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Òótọ́ ni pé kámẹ́rà tó ní píksẹ́lì 2448 lè bo ìgò látòkè délẹ̀, kí lẹ́tà ṣì gba 29. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tìtorí ìyẹn rà á. Ohun tó máa bá wọn fà á kì í ṣe píksẹ́lì, iná ni. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìṣirò kejì ti eré ni. Bí ìgò bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá jìnnà síra wọn lórí bẹ́líìtì, 12,000 ní wákàtí kan túmọ̀ sí pé bẹ́líìtì ń sáré bíi sẹ̀ǹtímítà 33 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ìgò ti rìn tó ìdámẹ́ta mìlímítà kí ojú náà tó pa dé, àwọn tótòtó ink tí wọ́n fi kọ déètì á sì wọ́ bíi iyọ̀ tó gba omi. Bí ẹ bá dín in kù sí ìdámárùn-ún ìyẹn, ìgò kò ní rìn ju bíi 0.07 mìlímítà lọ, lẹ́tà á sì mú. Ẹ tún rí i pé ó jẹ́ irú tó ń ya àwòrán rẹ̀ lódidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní global shutter. Rolling shutter, irú tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń yà tẹ̀lé ara wọn. Ìgò tó ń sáré á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú àwòrán bí ẹni tó ti mu ẹmu yó.

Àmọ́ ojú tó ń ṣí tó sì ń pa kíákíá bẹ́ẹ̀ kì í rí ìmọ́lẹ̀ gbà. Àwòrán á ṣókùnkùn. Ó tún di ọ̀rọ̀ iná.

Iná ló ń ríran, kámẹ́rà kàn ń gbà á sílẹ̀ ni

Ẹ jókòó síbí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pè mí pé kámẹ́rà àwọn kò ríran mọ́, kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà wọn. Wọ́n ná owó tán sórí kámẹ́rà, wọ́n wá lọ ra iná gbọọrọ ti ilé, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ irin. Iná NEPA wa ń yí padà nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá, iná gbọọrọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín àkókò kan náà. Ojú wa kò rí i. Kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ ṣí fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún máa ń rí i: àwòrán yìí á mọ́lẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e á ṣókùnkùn, ẹ̀rọ á sì máa ju ìgò tó dára nù. Iná LED tó ń lo 24 fóltì, tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, ni kí ẹ rà, pàápàá èyí tó máa ń tàn yẹ̀rì lásìkò tí kámẹ́rà bá ya àwòrán nìkan. Ó ń mọ́lẹ̀ ju èyí tó ń tàn láìdúró lọ, kì í sì í gbóná bí i tirẹ̀.

Ibi tí iná ti ń wá ṣe pàtàkì ju bó ṣe lágbára tó. Láti wo bí omi ṣe ga tó nínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ̀yìn ìgò ni kí iná wà, kó kọjú sí kámẹ́rà. Ìlà omi á hàn kedere, ìdérí náà á sì hàn bí òjìji, ẹ ó mọ̀ bó bá wọ́. Ṣùgbọ́n déètì tó wà lórí ìdérí fúnra rẹ̀ kò lè hàn nínú òjìji. Iná tó wá láti iwájú tàbí láti òkè ló nílò. Ẹ rí ìdí tí kámẹ́rà kan ṣoṣo, kó ní píksẹ́lì tó pọ̀ bíi yanrìn etí òkun, kò fi lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì dáadáa: iná tí ọ̀kan ń fẹ́ ni ọ̀tá èkejì.

Ìdérí ń dán, ó sì rí roboto. Bí ẹ bá fi iná olórùka yí lẹ́ńsì ká, òrùka funfun á jókòó sórí déètì, lẹ́tà méjì á sọnù sábẹ́ rẹ̀. Iná tó rí bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ wá, ló máa ń pa dídán yẹn. Ó wọ́n ju olórùka lọ. Ẹ rà á.

Àwọ̀ wá ńkọ́? Mo máa ń fi àdìrẹ ẹlẹ́lùú ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ tan iná pupa sí i nínú òkùnkùn: ibi tó jẹ́ ẹlú á dúdú, funfun á mọ́lẹ̀. Ẹ tan iná búlúù sí i: ẹlú náà á fẹ́ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdérí omi wa sábà máa ń jẹ́ búlúù, ink déètì sì dúdú. Ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ti ra iná pupa nítorí pé òun ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wọn. Ìdérí dúdú, ink dúdú, kámẹ́rà ń wo òkùnkùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń yí ètò kámẹ́rà padà. A yọ iná pupa, a fi búlúù sí i, déètì yọ bí òṣùpá.

Òmíràn ni ti oòrùn. Ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀rọ ń ṣe dáadáa láti àárọ̀, àmọ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìgò dànù bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹni tó tà á fún wọn ní kámẹ́rà ló ń gbóná. Wọ́n ra fáànù fún un. Mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, mo jókòó, mo ń wò ó. Agogo mẹ́rin lé díẹ̀, oòrùn gba ojú fèrèsé apá ìwọ̀ oòrùn wọlé, ó sì bọ́ sórí bẹ́líìtì. Páálí dúdú tí a gé, tí a fi bo ibẹ̀ bí àtíbàbà, ló parí ìjà náà. Ẹ fi owó àpótí ìbòrí gidi sínú ètò ìnáwó yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń dá oòrùn dúró, ó sì ń dá eruku ọyẹ́ dúró.

Wọ́n á ní AI ni

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dẹ́rù bà yín. Ẹ̀rọ tó ń fi àpẹẹrẹ kọ́ ara rẹ̀ wúlò fún ohun tí kò dọ́gba: kóró kajú tó ṣẹ́ yàtọ̀ síra, kókó inú pákó, abàwọ́n lára aṣọ. Cognex ra ViDi, ilé-iṣẹ́ kan ní Switzerland, ní 2017 nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdérí tó wà tàbí tí kò sí kò nílò rẹ̀. Ibi tó ti lè ràn wá lọ́wọ́ ni kíka déètì, nítorí tótòtó ni ẹ̀rọ ink fi ń kọ lẹ́tà, tótòtó náà a sì máa sá kúrò lórí ìlà. Kámẹ́rà ọlọ́pọlọ tó ní irú ìwé kíkà yẹn ń forí tì í ju àwọn ti àtijọ́ lọ. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà oníkọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ fi ṣe é, ẹ mọ̀ pé káàdì NVIDIA tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń lò wà nínú owó tí ẹ máa san, ooru rẹ̀ sì wà nínú yàrá tí ẹ máa gbé e sí.

Tókunbọ̀ ńkọ́?

Mo ti ra tókunbọ̀ rí, mi ò ní purọ́. Lẹ́ńsì tókunbọ̀ kò burú bí èéhù kò bá tíì hù nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí iwájú iná kí ẹ wò ó. Iná tókunbọ̀, rárá. Kámẹ́rà tókunbọ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá CCD ni ojú inú rẹ̀. Ní 2015 ni Sony kéde pé àwọn máa fi ṣíṣe CCD sílẹ̀, CMOS, irú ojú kejì, sì ni ọjà wà lórí rẹ̀ báyìí. Bí CCD bá kú mọ́ yín lọ́wọ́, bí ẹní ń wá kásẹ́ẹ̀tì ni. Bákan náà ni àwọn kámẹ́rà àtijọ́ tó ń fẹ́ káàdì pàtàkì nínú kọ̀ǹpútà: kámẹ́rà lè yè, kí káàdì má rí ihò wọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tuntun.

Ta ló máa tún un ṣe lálẹ́ Sátidé?

Ìbéèrè yìí ti yí ìpinnu mi padà ju píksẹ́lì lọ. Ilé-iṣẹ́ kan ra kámẹ́rà ọlọ́pọlọ tó dára gan-an. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ fi pásíwọ́ọ̀dù sí i, ó gba owó, ó lọ. Nígbà tí wọ́n yí ìdérí padà láti búlúù sí funfun, wọn kò lè wọ inú ètò náà láti kọ́ ọ ní ìdérí tuntun. Odidi oṣù méjì ni ẹ̀rọ olówó iyebíye fi jókòó bí ère. Kí ẹ tó sanwó tó gbẹ̀yìn, ẹ gba pásíwọ́ọ̀dù, ẹ gba ètò náà sórí fúláàṣì, kí ènìyàn yín méjì sì ti yí nǹkan padà fúnra wọn lójú oníṣòwò. Mo ní méjì, nítorí pé ọ̀kan lè fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ bèèrè bóyá NPN ni ẹ̀rọ yín ń lò tàbí PNP (ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ kan ń gbà fi iná ránṣẹ́ sí èkejì), kí kámẹ́rà tó kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń kó o bọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n kílíà kámẹ́rà tán ní Apápá kí wọ́n tó mọ̀ pé òun àti PLC kò gbédè ara wọn.

Ẹ̀rọ tó ń ti ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ńkọ́? Kámẹ́rà lè dájọ́ dáadáa kí ìyà jẹ ìgò mìíràn. Bó bá jẹ́ àkókò lásán lẹ fi ṣírò rẹ̀, pé kó ti ìgò lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ọjọ́ tí bẹ́líìtì bá fà díẹ̀, ìgò tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn ló máa gbá. Ẹ so encoder mọ́ bẹ́líìtì kó máa ka ìrìn rẹ̀, ẹ sì fi sẹ́ńsọ̀ kan síwájú pé ìgò ti kúrò lójú ọ̀nà lóòótọ́. Atẹ́gùn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó rẹlẹ̀ a máa ti ìgò kó kàn mì lásán.

Ohun tí èmi máa rà

Fún bẹ́líìtì kan tó ń rọ 12,000: sẹ́ńsọ̀ aríran kan pẹ̀lú iná láti ẹ̀yìn fún ìdérí àti bí omi ṣe ga, kámẹ́rà ọlọ́pọlọ kan pẹ̀lú iná onígbá búlúù fún déètì. Lébẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ lásán tí kì í ṣe kámẹ́rà máa mọ̀ bó bá wà. Kí kámẹ́rà déètì dá bẹ́líìtì dúró bí ìgò mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn kò bá ní déètì, nítorí ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe ìgò mọ́, ẹnu ẹ̀rọ ink ló dí. Bí bẹ́líìtì yín bá pé mẹ́ta, tí ojú tí ẹ nílò sì ti di mẹ́sàn-án, ìgbà yẹn ni mo máa ronú kan kámẹ́rà oníkọ̀ǹpútà, bí ẹ bá ti ní ọmọ tó mọ iṣẹ́ náà tí ẹ sì ń san owó oṣù rẹ̀ déédéé.

Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ gbé páálí ọjọ́sí wá. Ẹ da àwọn ìgò inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìgò tó dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba iwájú ẹ̀rọ kọjá lórí eré gidi, nígbà ogún. Ọ̀kan ṣoṣo tí kò ní déètì kò gbọdọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wákàtí kan rọ ìgò tó dára nìkan, kí ẹ ka iye tó máa tì dànù. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má rẹ́rìn-ín músẹ́: 120 ni ní wákàtí kan, 960 ní wákàtí mẹ́jọ. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ á fi pa kámẹ́rà náà kó lè rọ iye tí máníjà ní kó rọ.

Àwọn ọmọbìnrin méjì ìdí pátákó iná wá ńkọ́? Níbi tí a ti so ẹ̀rọ yìí kẹ́yìn, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú páálí báyìí. Láràárọ̀, kí ìgò omi kankan tó wọ inú ọ̀rá, wọ́n á gbé ìgò alábùkù méjìlá sórí bẹ́líìtì, wọ́n á ka iye tó bọ́ sínú agbọ̀n, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Bí kò bá pé méjìlá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ tó ń rọ omi.